Ojú Tó Ń Bó Níwájú Àna

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Ayọ̀wálé nígbà tí ọmọbìnrin kan ní Ìkọ́lé kọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé ó gbọ́ pé ọ̀lẹ ni, kì í sì í ṣe pé ìdílé wọn ní àlébù. Ohun tó sọ fún Màmá Peace tó lọ bá a sọ̀rọ̀ kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Ojú yẹn ni, Màmá. Mi ò lè máa jí rí i láràárọ̀."

Màmá Peace ni àbúrò ìyá Ayọ̀wálé, òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti rọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ayọ̀wálé, ó wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ṣe nǹkan kan.

Ayọ̀wálé ní kò burú. Ó jẹ uyán rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò sì mọ ohun tí ì bá fi ọwọ́ méjèèjì ṣe.

Tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ní iléèwé girama kan ní Ayédé. Irorẹ́ ti ń bá a fínra láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní iléèwé. Nígbà tí irorẹ́ lọ tán, ó fi àpá dúdú sílẹ̀ fún un láti iwájú orí dé àgbọ̀n, abẹ tó fi ń fá irùngbọ̀n sì tún fi kókó wẹ́wẹ́ kún un. Àwọn ọmọ iléèwé kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Àgbagbà Pípọ́n ni wọ́n ń pe òun lẹ́yìn, nítorí àmì dúdú tó máa ń wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n jù. Kò sí ìpara tí kò tíì dán wò. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ jó o lójú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ tí dókítà kan ń ṣàlàyé lórí rédíò nípa píìlì, oògùn olómi tí wọ́n ń fi pa ojú kí awọ òkè tó ti bàjẹ́ lè bó dànù kí tuntun sì yọ, kò fi falẹ̀. Ìdó ni kílíníìkì dókítà náà wà. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó gun ọ̀kadà dé Òyè, ó sì wọ takisí láti ibẹ̀.

Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò, ó fún un ní ìpara tí yóò kọ́kọ́ lò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọn yóò fi oògùn náà sí i lójú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin síra wọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé tó padà dé, nọ́ọ̀sì kan ló ní kó sùn sórí ibùsùn. Ènìyàn kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ tutù, orúkọ tí wọ́n kọ sí i láyà ni Ìbílọlá.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tójú yín máa rí fún yín, Tíṣà," ó ní, "kẹ́ ẹ má baà fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Yóò ta yín bí ìgbà tí ata bá kan ojú, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Màá máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Tó bá ju ohun tẹ́ ẹ lè fara dà lọ, ẹ gbọ́wọ́ sókè, màá nù ún kúrò."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Lónìí àti lọ́la, ojú yín á fún, bí ojú ẹni tó fọṣẹ wẹ̀ tí kò ṣan án. Lọ́jọ́ kẹta ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Kò ní dùn ún wò. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, ó ti tán. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má fi èékánná bó o. Ẹ jẹ́ kó já fúnra rẹ̀. Ẹ má fá irùngbọ̀n, ẹ má fi kànìnkànìn kàn án, ẹ máa fi ìpara tí mo bá fún yín pa á, kẹ́ ẹ sì sá fún oòrùn."

"Tíṣà àgbẹ̀ ni mí, Nọ́ọ̀sì."

"Ẹ wá akẹtẹ̀ dé. Awọ dúdú bíi tiwa yìí, bí oòrùn bá bá tuntun lábẹ́ ẹ̀ kó tó gbó, ṣe ló máa ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ayọ̀wálé wá béèrè ohun tó ń dà á láàmú láti ilé. "Ṣé màá wá pupa ni?"

"Rárá. Àwọ̀ tí wọ́n bí yín mọ́ náà lẹ máa mú lọ sílé. A kì í bá èèyàn bóra níbí. Àpá là ń lé."

Oògùn náà ta á lóòótọ́. Ó di etí ibùsùn mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ ẹ, ohùn tútù yẹn sì ń sọ fún un pé ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀. Nígbà tó dìde, ohùn náà ló bá a wọ takisí.

Ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ojú rẹ̀ ń bó bí èèpo iṣu sísè, ó rí ìbó kan tó yọ sókè ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó fà á. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ọmọ lọ kọ ebè lóko iléèwé, kò dé akẹtẹ̀. Nígbà tí yóò fi padà sí Ìdó, ibi tó fà ti dúdú bí ìgbà tí èèyàn ti àtàǹpàkò bọ èédú tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú.

"Ta ló bó èyí?" Ìbílọlá bi í.

"Ó já fúnra rẹ̀ ni."

"Tíṣà. Ṣé báyìí ni àwọn ọmọ iléèwé yín ṣe máa ń purọ́ fún yín?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n pa ju báyìí lọ."

Ìbílọlá rẹ́rìn-ín, ó sì wẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò ní fi oògùn sí i lọ́jọ́ náà, ojú gbọ́dọ̀ sinmi ná. Nígbà tí kò ti sí iṣẹ́ láti ṣe, ó bi í léèrè ohun tó ń lé e tó bẹ́ẹ̀. Ayọ̀wálé kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ ti ọmọbìnrin Ìkọ́lé. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ń retí kí nọ́ọ̀sì náà ní "ẹ pẹ̀lẹ́," nítorí ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ nìyẹn.

"Ó ṣe yín lóore," Ìbílọlá ní. "Ó lè gbà láti fẹ́ yín kó wá máa dijú láràárọ̀."

Ẹ̀rín pa Ayọ̀wálé débi tí ojú fi ń dùn ún.

Láti ọjọ́ náà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ọjọ́rú. Ó ń dé akẹtẹ̀ lóko, ó ń fi ìpara sójú láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì mọ̀ mọ́ bóyá nítorí ojú rẹ̀ ni tàbí kí nọ́ọ̀sì kan lè ní ó ṣeun. Ọkàn rẹ̀ a tún dá a lẹ́kun. Ṣebí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ fún un náà ló ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn? Ó ti gbọ́ tó ń pe ìyá arúgbó kan tí ara ń yún ní olólùfẹ́ òun. Iṣẹ́ ni. Wọ́n ń sanwó fún un láti lójú àánú.

Nígbà tí wọ́n fi oògùn sí i lẹ́ẹ̀kẹta, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Bí abẹ̀bẹ̀ ti ń fẹ́ lójú rẹ̀ ló bi í pé, "Nọ́ọ̀sì Ìbílọlá, ṣé ẹ ní ẹni tẹ́ ẹ ń fẹ́?"

Abẹ̀bẹ̀ dúró, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

"Oògùn wà lójú yín, Tíṣà. Ẹ panu dé, kó má baà ṣàn wọ ẹnu yín."

Nígbà tó ń kọ ọjọ́ tí yóò padà wá sínú káàdì, kò gbójú sókè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e gùn ju ọdún lọ lójú Ayọ̀wálé. Nígbà tó sì dé Ìdó, ẹlòmíràn ló pè é wọlé, obìnrin sísanra kan tó ní Ọdúnayọ̀ lorúkọ òun.

"Èmi ni màá máa tọ́jú yín báyìí," ó ní.

"Nọ́ọ̀sì Ìbílọlá ńkọ́?"

"Òun ló ní kí n gbà yín lọ́wọ́ òun."

Ayọ̀wálé gun orí ibùsùn. Ó sùn, ó dijú. Oògùn ọjọ́ náà ta á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́wọ́ sókè. Ó ń rò ó pé ẹni tó ti rí àpá òun kọ̀ọ̀kan nítòsí ti fẹ̀sọ̀ gbé òun fún ẹlòmíràn. Obìnrin ti Ìkọ́lé tilẹ̀ ní ẹnu tó fi sọ tirẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti pinnu pé òun kò ní padà wá.

Ìbílọlá dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́nu géètì.

"Ẹ dúró, Tíṣà."

"Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú. N kò ní sọ ọ́ mọ́."

"Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́sí," Ìbílọlá ní. "Nọ́ọ̀sì kì í dáhùn irú ìbéèrè yẹn fún ẹni tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀, tó dijú, tí oògùn ń ta, kò lè mọ̀ bóyá èèyàn lòun fẹ́ràn tàbí abẹ̀bẹ̀. Mo ti sọ fún dókítà. Ẹ kò sí lọ́wọ́ mi mọ́." Ó ń fi bàtà rẹ̀ ro ilẹ̀. "Ẹ tún un bi."

Ayọ̀wálé sún mọ́ ọn. "Ṣé ẹ ní ẹni tẹ́ ẹ ń fẹ́?"

"Mi ò tíì ní," Ìbílọlá ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ní nọ́ńbà mi lára káàdì yẹn. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ẹ kò yí i wò ni?"

Kò yí i wò lóòótọ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n ń pàdé ní Òyè lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n a ra àgbàdo sísun, wọ́n a jókòó síwájú ilé ẹ̀gbọ́n Ìbílọlá obìnrin tó ń gbé níbẹ̀ títí takisí ìkẹyìn yóò fi máa kígbe. Ìlógbò ni ilé Ìbílọlá. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Festus nítorí àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Èkó, jẹ́ àgbẹ̀ kòkó àti àgbà ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀. Kì í pariwo, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ méjì.

Ní Ọjọ́rú kan, wọ́n fi oògùn sí Ayọ̀wálé lójú fún ìgbà karùn-ún. Ní Ọjọ́bọ̀, Ìbílọlá pè é.

"Bàbá ti gbọ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ní Sátidé."

Ayọ̀wálé ka ọjọ́ lórí ìka. Ọjọ́ kẹrin ni Sátidé.

"Ẹ jẹ́ n sọ fún wọn pé ara yín ò yá," Ìbílọlá ní.

"Ara mi yá."

"Ojú yín á ti máa bó."

"Ojú tí mo ní nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ, ìgbà wo ni màá fi òtítọ́ kún un?"

Ó mú Màmá Peace dání. Nínú takisí, obìnrin tó jókòó tì wọ́n sún mọ́ fèrèsé. Kí wọ́n tó wọlé ní Ìlógbò, Màmá Peace fi bàsílíìnì pa á lójú kó lè rọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ojú náà ń dán, tí ìbó sì dúró lórí rẹ̀.

Bàbá Festus kí wọn káàbọ̀, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó ga, ilà kan gbọọrọ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wo Ayọ̀wálé títí.

"Kí ló ṣe é lójú?" ó bi Màmá Peace.

"Oògùn ni, Bàbá," Ayọ̀wálé fúnra rẹ̀ dáhùn. "Àpá irorẹ́ ni mo ń tọ́jú. Ọjọ́ kẹrin rèé, ó ń bó ni."

"O ń bóra."

"Rárá, Bàbá. Àwọ̀ mi kò yí padà. Àpá yẹn nìkan ni."

Bàbá Festus mi orí. "N kò ní ṣépè fún ọ, o ò sì hùwà burúkú. Ṣùgbọ́n jẹ́ n bi ọ́. Ọkùnrin tí kò lè gba ojú ara rẹ̀, ṣé ọmọ mi ló máa gbà? Obìnrin á bímọ, ikùn rẹ̀ á rọ̀, irun rẹ̀ á re. Lọ́jọ́ náà, ṣé o kò ní í wá oògùn tí wàá fi bó òun náà dànù kúrò nínú ulé rẹ?"

Ìbílọlá tó gbé omi wọlé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó máa lọ," Bàbá Festus ní, ó sì dìde.

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí Ayọ̀wálé sinmi. Nínú kíláàsì, á kọ̀wé sára pátákó tán, á sì gbàgbé ohun tó kàn. Àbí òótọ́ ni baba náà ń sọ? Ká ní Ìbílọlá ló ní irú ojú yìí, ṣé òun ì bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀? Ó pè é, ó sọ ọ́ fún un bó ṣe ń dùn ún.

"Kí lẹ wá rò sí i?" Ìbílọlá bi í.

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ẹ má tíì padà sílé wa, nígbà náà. Ẹ lọ mọ̀ ọ́n ná."

Kò bínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Nígbà tí wọ́n fi oògùn sí i lẹ́ẹ̀kẹfà, tí ojú sì ti jinná, dókítà gbé dígí fún un. Àpá dúdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Kókó abẹ́ àgbọ̀n ti rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí irorẹ́ gbẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ṣì wà síbẹ̀.

"Píìlì yìí kò lè dí èyí," dókítà ní. "Ó ti jìn jù. Oògùn tó le ju báyìí lọ wà nílùú ńlá, ṣùgbọ́n ó lè ba awọ dúdú jẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, màá kọ lẹ́tà fún yín."

Ayọ̀wálé wo ara rẹ̀. Ó ń retí kí àyà rẹ̀ já, kò já. Ojú tó wà níbẹ̀ jẹ́ ojú ọkùnrin kan tó ti rìn jìnnà díẹ̀, tó sì lè lọ sílé.

"Ó tó, Dókítà," ó ní. "Ẹ má kọ lẹ́tà."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ó rán Màmá Peace níṣẹ́. Màmá Peace kò lọ sílé Bàbá Festus. Ó mọ̀ pé ìyá Ìbílọlá máa ń ná ọjà Ayebode, ibẹ̀ ló lọ dúró dè é. Ohun tí àwọn obìnrin méjèèjì jọ sọ nídìí iṣu, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá Peace dé, ó ní, "Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn. Múra dáadáa."

Bàbá Festus kò retí wọn. Aṣọ ìsìn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Màmá Peace bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Mo ti sọ tèmi, Màmá Peace. Ọkùnrin tí kò gba ojú ara rẹ̀..."

"Bàbá Festus," ìyàwó rẹ̀ dá a lẹ́nu. Ìyá Festus kì í dá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu níwájú àlejò, gbogbo wọn sì wò ó. "Lọ́dún tẹ́ ẹ wá fẹ́ mi, kí ló wà lójú yín?"

"Kí ni ìyẹn? Ojú mi ló wà níbẹ̀."

"Irùngbọ̀n ló wà níbẹ̀. Irùngbọ̀n tó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì dé etí." Ó yíjú sí Màmá Peace. "Ìbàdàn ló ti dé, ó ń wakọ̀ níbẹ̀. Mo rò pé oge ìlú ńlá ni. Oṣù méje ló fi ń wá sí ulé wa kí n tó mọ̀ pé ó kọlà. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi."

Ìbílọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò gbọ́ èyí rí.

Bàbá Festus wo ilẹ̀.

"Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀," ó ní. "Wọ́n á bi mí bóyá ológbò ló ha mí lójú. Ojoojúmọ́. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ bá ẹnì kan tó ní òun lè fi abẹ gé e kúrò."

"Ẹ kò sọ ìyẹn fún mi rí," ìyàwó rẹ̀ ní, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ sọ? O ní kí n fá a, mo fá a."

Bàbá Festus dìde, ó rìn dé iwájú Ayọ̀wálé, ó tẹ̀ síwájú, ó wo ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń tojú fèrèsé wọlé.

"O ti parí oògùn náà?"

"Mo ti parí ẹ̀, Bàbá. Àwọn ihò yìí kò lọ. Wọn ò sì ní lọ."

"O wá ṣe báwo?"

"Mo ní ó tó."

"N kò tíì gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè tí mo bi ọ́ níjọ́sí."

Ayọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ kó tó dáhùn. "Bàbá, n kò kórìíra ojú mi. Ó ń dùn mí ni mo ṣe wá ìtọ́jú fún un. Bí nǹkan kan bá ń dun Ìbílọlá, bí mo ṣe máa gbé e kiri náà nìyẹn. Èyí tó bá sàn, a ó dúpẹ́. Èyí tí kò bá sàn, a ó jọ máa bá a gbé."

Baba náà kọjú sí Màmá Peace.

"Ẹ lọ bá àwọn ẹbí yín mú ọjọ́ wá," ó ní. "Kó má bọ́ sí àsìkò kòkó. Uṣẹ́ máa ń pọ̀ nígbà náà."

Ìbílọlá sìn wọ́n dé títì. Màmá Peace ṣáájú, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń dárúkọ ẹbí tó gbọ́dọ̀ gbọ́. Àwọn méjèèjì ń rìn bọ̀ lẹ́yìn títí wọ́n fi dé etí ọ̀nà.

"Ayọ̀wálé," Ìbílọlá ní. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí, Tíṣà ló máa ń pè é. "Ṣé ẹ̀rù bà ọ́?"

"Ó bà mí gan-an."

"Ó ba èmi náà."

Takisí kan dúró. Màmá Peace wọlé, ó sún, ó ní ó ku àyè ẹnì kan. Ayọ̀wálé kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbílọlá, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun yóò wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.